Àgbàtọ́ Àwáwù

Ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí Ìléyá ọdún 1957 pé nígbà tí wọ́n rí àgbò Àwáwù tó sọnù. Inú ọgbà Jacob káfíńtà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tí kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú Ìléyá, ni wọ́n ti rí i ní ìlú Sekona. Ràṣídì, ọkọ Àwáwù, tó ti pọ́n ọ̀bẹ dè é, ló mú akódà, ọlọ́pàá ọba, lọ síbẹ̀. Wọ́n kó ẹran àti èèyàn wá sí agboolé wọn ní Ẹdẹ.

"Mi ò jalè," ni Jacob wí. Wọ́n bi í pé níbo ló ti rí àgbò. Ó kàn ń wo Àwáwù.

Àwáwù yí ojú kúrò lára àgbò náà.

"Ṣé o dá a mọ̀?" ni Bàbá Afọlábí, baálé agboolé, bi í.

"Àgbò tó jọra pọ̀, Bàbá. Ó lè má jẹ́ òun."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ṣebí àgbàtọ́ lo pè é, tí o ń tọ́ ọ bí ọmọ? A kì í pe gbogbo ẹran orí ìso bẹ́ẹ̀. Èyí tí ìyá rẹ̀ kú, tó mu ògì lọ́wọ́ èèyàn kó tó mọ koríko, òun là ń pè ní àgbàtọ́. Kì í gbàgbé ọwọ́ náà láéláé. Ẹ tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá tọ̀ lọ ló ni ín. Èkejì, olè ni."

Àwáwù ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìró. Ètè rẹ̀ ń mì, àdúà ló ń ṣe.

"Ó ti tó ogúnjọ́," ni ó wí. "Ó lè ti gbàgbé mi."

Àgbò náà dúró láàárín èrò. Ó yí ojú sí Jacob fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sáré tọ Àwáwù lọ, ó ń fi imú tú ìró rẹ̀, ó ń wá ọwọ́ rẹ̀.

Agboolé hó yèè.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ni Ràṣídì ké, "ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a!"

Àwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àwọn obìnrin ilé ní ẹkún ayọ̀ ni.

Akódà so Jacob lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń fà á kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí Àwáwù, ó rọra wí pé, "Ìyá Sàrátù, ẹ má sunkún, mi ò ní sọ ọ́ láé pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fà á wá bá mi, pé kí n bá yín gbé e pamọ́ títí Ìléyá á fi kọjá."