Àpò Iyanrìn Méje

Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí: iṣẹ́ tó bá wù ú nìkan ló máa ń ṣe, èyí tí kò bá wù ú, á ní òun ti ṣe é. Tẹná ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí ọkọ̀ tó wọ̀ tí kì í tẹná rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọgbà kan tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń wa ọkọ̀ wò kí oníbàárà tó rà á. Òfin ọ̀gá rẹ̀ kò ṣòro. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ kékeré eléré tí wọ́n fi ń sáré, kó wà á yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọkọ̀ ńlá tí àwọn ìdílé ń rà, ó gbọ́dọ̀ kó àpò iyanrìn méje sórí ìjókòó méjèèje bí ẹni kó èèyàn, kó wà á gun òkè tó wà lẹ́yìn ọgbà, kó sì wà á sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ tó ń dúró nígbà tó ṣófo lè má dúró mọ́ tó bá kún. Lẹ́yìn náà ni yóò buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ aránṣọ ló bá a rán àpò méjèèje nígbà tó ríṣẹ́ náà. Tapólì ló fi rán wọn, ó sì fi òwú pupa rán etí wọn lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má baà tú. Ìdùnnú ló fi rán wọn, nítorí òun ló fi ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn kan náà tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn.

Tẹná bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọkọ̀ ńlá fi sú u. Àbíyamọ ló sọ wọ́n. "Ẹ gbé àbíyamọ yìí kúrò lójú mi jàre," yóò wí, yóò sì já kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ eléré gbà. Àkókò tó yẹ kó fi kó iyanrìn, inú ọkọ̀ pupa kékeré kan ló ti ń lò ó, tí ẹ́ńjìnnì ń ké, tí àwọn èèyàn ń yà fún un lọ́nà. Bó bá dé, á nu òógùn ojú rẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé àbíyamọ pé: "Àpò méje. Mo gun òkè, mo sọ̀. Bíréèkì dára." Ọ̀gá rí i pé kò sẹ́ni tó ń yẹ ọkọ̀ wò tó o lóòjọ́, ló bá fi í ṣe olórí wọn. Ẹ gbọ́ ná!

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ra ọkọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti di mẹ́rin, ìyá wọn tó ti dàgbà sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó dúró níwájú ọkọ̀ ńlá kan tó ní àwọ̀ eérú, ó rí orúkọ àbúrò rẹ̀ lára gíláàsì.

"Ṣé ìwọ lo yẹ èyí wò?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò rí ọwọ́ mi ni?"

"Pẹ̀lú àwọn àpò mi?"

"Méjèèje."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí ni mo tún fẹ́ wò nígbà náà?" Kò tiẹ̀ bèèrè pé kí òun wà á wò. Tẹná ì bá sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí n tún un wò díẹ̀ sí i." Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn ì bá gbà á? Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣáná sí ọkọ̀ pupa dè é lẹ́nu géètì, ó sì ń kánjú.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ẹ̀gbọ́n yìí, ọkọ rẹ̀, ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ìyá wọn jọ wọ ọkọ̀ náà jáde, ẹrù sì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀, tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ kò dúró. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ń sáré sí i, àwọn ọmọ figbe ta. Ó yí ọwọ́ ọkọ̀ sí ògiri kan kó má baà pa àwọn tó ń kọjá lójú títì. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá wọn kán níbi méjì.

"Irin ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni Tẹná sọ nílé ìwòsàn. "Ta ló mọ ohun tí irin máa ṣe?"

 Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá ọ̀gá Tẹná, ó ní kí wọ́n fi àwọn àpò òun han òun. Ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ti bá wọn. Koríko ti hù gba àárín wọn. Òwú pupa etí wọn kò ja níbì kankan, ṣùgbọ́n ìdí wọn ti jẹrà mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tó fa ọ̀kan, ìdí rẹ̀ já, iyanrìn sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá ṣí ìwé àyẹ̀wò ọdún méjì, ó ń kà á: àpò méje, àpò méje, àpò méje.

Tẹná dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí."

"Mo bi ọ́," ni obìnrin náà wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ká ní àjèjì ló ta ọkọ̀ yẹn fún mi, ǹ bá ti wà á wò kí n tó rà á. Torí pé ìwọ ni, mi ò wà á wò. Ìwọ!"

Ọ̀gá lé e lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ọgbà ọkọ̀ tó tún gbà á. Nígbà tó yá, ó yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó sì lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti gbé ìyá wọn lọ rí dókítà. Ó bá màmá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ àti àkọ́bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá mi, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ n gbé yín lọ."

Ìyá wo ọkọ̀ náà títí. "Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Èmi ni, ìyá mi. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí."

Ìyá náà mirí. Ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú léjìká. "Jẹ́ ká máa fẹsẹ̀ rìn lọ, ọmọ mi." Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀. Tẹná wọ ọkọ̀, ó ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀pá ìyá rẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ń rìn, títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn nínú wọn.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Tẹná kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ẹ má ṣe buwọ́ lu iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe, bó ti wù kó sú yín tó, nítorí ẹnì kan wà tí yóò rí orúkọ yín níbẹ̀ tí kò sì ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì mọ́. Àwọn tó fẹ́ràn wa jù ni kì í yẹ iṣẹ́ wa wò, àwọn náà ni àìṣòótọ́ wa sì máa ń kọ́kọ́ ṣe léṣe. A lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sì dárí jì wá, ṣùgbọ́n a kò lè fipá mú wọn pé kí wọ́n tún wọ ọkọ̀ wa.