Jagunjagun Tó Ń Dọ̀bálẹ̀

Ìgbà kẹtàlá rèé láàárọ̀ yìí tí ọ̀tá bẹ́ Akínṣọlá lórí, ìdọ̀bálẹ̀ ló sì ń kó bá a. Tinúadé, tó yà á, tó fi oṣù mẹ́ta tò ó sínú géèmù, pòṣé ṣàà. Ó pe Bàbá Láńlẹ́hìn lórí fóònù. Òfin ni pé kí gbogbo ẹ̀dá inú géèmù lo ogójì ọjọ́ lọ́dọ̀ àgbà kan kí aráyé tó bá wọn ṣeré, ọ̀dọ̀ Bàbá yìí sì ni Akínṣọlá ti gba ẹ̀kọ́ ilé.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bàbá, jagunjagun ni mo fà lé yín lọ́wọ́! Bó bá ti rí ọ̀tá báyìí, á ju idà sílẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja!"

"Ṣebí ìwọ lo fi ewú sórí ọ̀tá," Bàbá dáhùn pẹ̀lẹ́tù. "Ṣé kó máa wo àgbà lójú ni?"

Tinúadé fi ìbínú pa fóònù. Òfin kò gbà kó fọwọ́ kan ohun tí àgbà bá ti kọ́ ẹ̀dá, ọ̀la sì ni géèmù máa jáde. Ọ̀tá nìkan ló kù tó lè tún ṣe. Ó fá ewú orí rẹ̀ kodoro, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ ọn, ó wá tú Akínṣọlá sílẹ̀.

Akínṣọlá fa idà yọ, ó sáré dé iwájú ọ̀tá. Ó dúró. Ó wo orí fífá náà títí, ó rọra fi idà lélẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù sà. Ta ló papò dà nílé yín?"