Ẹ̀kẹta Ló Ń Sọ̀rọ̀

“Ìyá mi, ẹ jáde! Ṣé ẹ fẹ́ kí ilé wó lù yín ni?”

Mo pariwo títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Láàárọ̀ ni màmá mi ti búra pé inú ilé tí bàbá àwọn kọ́ làwọn máa kú sí, àfi bí mọlémọlé bá fi hàn pé ògiri ti jẹrà nínú. Ìró sálúbàtà nìkan ni mò ń gbọ́ nínú yàrá.

Gàníyù mọlémọlé ń ti ìka bọ ibi tí ògiri ti là. “Ògiri lanu tó báyìí, aláǹgbá kan ò wọ̀ ọ́.”

“Aláǹgbá ni mo ní kó o wá kà ni? Kan ògiri, jàre!”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń kàn án, àǹtí. Bí ẹ̀kẹta bá dún kòròfo, kẹ́nikẹ́ni má sùn níbẹ̀ mọ́.”

Ó fi òòlù kàn án. Wọ́n kàn án padà láti inú. Ó tún kàn án, wọ́n tún dá a lóhùn.

“Ìyá, ẹ yéé fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!”

“Ta lò ń bú?”

Ẹ̀yìn mi ni ohùn màmá mi ti wá. Oko ni wọ́n ti ń bọ̀, ẹ̀fọ́ lápá, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. “Àtọ̀sán ni mo ti tilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni kankan nínú ilé.”

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ Gàníyù. Mo fẹ́ sá, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Màmá mi di apá mi mú.

Inú yàrá ni ẹ̀kẹta ti dún. Ó dún kòròfo.