Apá Ọ̀tún Ọkọ̀ Akínbọ̀dé

Ọkọ̀ náà ń ya sí ọ̀tún. Bí Akínbọ̀dé bá ṣe bí ẹni dẹwọ́ lára sítíárì báyìí, igbó ló ń kọjú sí. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì pupa ni, onílẹ̀kùn méjì, ó rẹlẹ̀ débi pé òkúta ọ̀nà Ìbèṣè ń ha á nínú. Kutonu ló ti rà á kó tó fẹ́ Fúnkẹ́. Òun náà sì ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní nílé wọn l'Áyétòrò.

Lọ́jọ́ Sátidé, tọkọtaya gbé e lọ bá Àyàntúndé, oníṣẹ́ aláímẹ́ǹtì kan tó ń tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò n'Ílaró. Ó fi jáàkì gbé e sókè, ó yọ táyà, ó mi orí.

"Aláímẹ́ǹtì nìkan kọ́ nìyí o. Sípíríǹgì ọ̀tún ti wolẹ̀, ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ ń da epo. Ẹ wo táyà, inú ti jẹ tán, ìta ṣì ń dán."

"Èyí tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí i," ni Akínbọ̀dé wí. "N ò fẹ́ kó máa gbọ̀n mọ́."

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yìí! Ọkọ̀ eré ìje lẹ fẹ́ kó rọ̀ bíi tìmùtìmù?"

"Àgbà ti ń dé, ọ̀gá."

Akínbọ̀dé gun ọ̀kadà, ó lọ ra sípíríǹgì. Àyàntúndé nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó wo Fúnkẹ́ látòkè délẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin náà rèé, pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ewé kókò. Apá dírẹ́bà ò ṣe nǹkan kan. Ẹni tó ń jókòó lọ́tùn-ún yìí, hẹn-ẹn! Ẹran ń bẹ lára onítọ̀hún!"

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Fúnkẹ́ náà bá a rẹ́rìn-ín. Àfi bó ṣe rántí pé nígbà tóun wọ ọkọ̀ náà láàárọ̀, ńṣe ni àga ọ̀tún sún sẹ́yìn débi tó lè sún dé, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì nà gbalaja. Òun ló fà á síwájú kó tó lè jókòó bí ọmọlúàbí.

Akínbọ̀dé kì í ní kíláàsì l'Ọ́jọ́bọ̀ ní pólì tó ti ń ṣe olùkọ́. Ìdájí ló máa ń jáde, á ní òun ń lọ ṣiṣẹ́ kan n'Íbèṣè. Fúnkẹ́ kò bèèrè irú iṣẹ́ wo rí.

Qúdrát ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń ta búrẹ́dì ní oríta Sawọnjọ, ló bá là á yé e.

"N ò fẹ́ sọ ọ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Mo rí i. Obìnrin sísanra, ìborùn bò ó dé imú. Ọkọ ẹ ṣílẹ̀kùn fún un, ó rọra gbé e jókòó bí ẹni gbé ẹyin. Obìnrin ọ̀hún dìrọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín!"

"Ní gbangba?"

"Gbangba gbàǹgbà! Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, gba ilé ìyá ẹ lọ, kó wá bá ọ níbẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀."

"Ìyá wo? Èyí tó ní òun ò bí mi mọ́ nítorí mo fẹ́ ẹni tí ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀? Kò wá síbi ìgbéyàwó mi. Kò wo ojú ọmọ mi."

"Dúró kó o jà nígbà náà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyáálé, o mọ ibi tó wà."

Lọ́jọ́ Rú, bí Akínbọ̀dé ti ń jẹun ìrọ̀lẹ́, Fúnkẹ́ dúró lé e lórí.

"Bàbá Tóbi, ta lẹ̀ ń gbé kiri l'Ọ́jọ́bọ̀?"

Ó gbé síbí sílẹ̀. Kò jiyàn.

"Ẹnì kan tí mo búra fún pé n ò ní sọ. Ṣe sùúrù, Fúnkẹ́. Òun fúnra rẹ̀ máa wá bá ọ nílé yìí."

"Nínú ilé mi? Kó dán an wò! Bí mo ṣe wà láyé, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà yìí."

Akínbọ̀dé ti abọ́ síwájú, ó dìde.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ l'Ọ́jọ́bọ̀, Fúnkẹ́ mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lórí tábìlì, ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó jù ú sínú ṣáláńgá. Ọkọ rẹ̀ wọṣọ tán, ó ń tú ìrọ̀rí.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?"

"Ó wà nínú ṣáláńgá. Bẹ́ sínú ẹ̀, kó o lọ gbé orogún mi."

Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pè é ní "ìwọ" rí. Akínbọ̀dé di orí mú. Ó ní, "O ò mọ nǹkan tó o ṣe," ó sì sáré jáde. Tírélà símẹ́ńtì kan ti ṣubú dábùú ọ̀nà Ìbèṣè, kò sí takisí tó fẹ́ lọ. Ọ̀kadà ló gùn.

Fúnkẹ́ fọ ìkòkò, ó ń kọrin. Qúdrát pè é lórí fóònù, ó ní, "Akin obìnrin!"

Ìrọ̀lẹ́ ni Akínbọ̀dé padà, eruku bò ó. Kò jẹun. Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn ọ̀tún ọkọ̀ náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Àwọn àgbà kan ń bọ̀ lọ́la," ló wí, kò wo ojú rẹ̀.

Inú Fúnkẹ́ dùn dénú. Wọ́n ti ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ó gún iyán láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó wọ ìró tó dára jù, ó ní òun ò ní tètè gbẹ̀bẹ̀, kí ọkọ òun kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná. Nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ àlejò, ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó ń tún gèlè ṣe.

"Akínbọ̀dé ọmọ mi, Ọlọ́run á san án fún ọ, gbogbo Ọjọ́bọ̀ tó o fi gbé e lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn l'Ábẹ́òkúta," ni àgbàlagbà kan ń wí ní pálọ̀, "àmọ́ òun ló ní ká má sọ, títí ara òun tó wú á fi rọlẹ̀, tí òun á fẹsẹ̀ ara òun rìn wọlé yìí wá bẹ ọmọ òun, ta nínú wa ló máa wá wọ yàrá lọ báyìí, lọ sọ fún Fúnkẹ́ pé ìyá rẹ̀ ti kú?"