Ọ̀rọ̀ Tí Kọ̀ǹpútà Ń Pa Rẹ́

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú nígbà tí Gbádéró tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe parí iṣẹ́ nílé Ìyá Délé.

“Mà, mẹ́mìrì tuntun yìí yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí nǹkan kan bá ṣì nínú ohun tó ń rántí, kíá ló máa rí i, á sì tún un ṣe kí ẹ tó mọ̀.”

Obìnrin náà jókòó, ó ń tẹ ìwé ìpè fún àdúrà ogójì ọjọ́ ọkọ rẹ̀: Olóògbé Kọ́mọláfẹ́ Awóyẹmí. Nígbà tó gbójú sókè, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti lọ. Orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù. Ó tún un tẹ̀. Ó tún lọ.

“Gbádéró, kí ló ń pa á rẹ́?”

“Àṣìṣe nìkan ló ń tún ṣe, Mà.”

Ni wọ́n bá gbọ́ sálúbàtà níta, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀. Bàbá Délé nìkan ló máa ń rìn báyẹn. Sálúbàtà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Délé.”

“Ẹ má dáhùn o, Mà,” Gbádéró sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá dá òkú lóhùn á bá a lọ? Obìnrin náà ki etí ìró bọ ẹnu, omi ń dà lójú rẹ̀.

Ohùn náà tún pè é, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti rẹ̀. Kò dáhùn. Sálúbàtà yí padà, ó ń wọ́ lọ.

Nígbà tó wo kọ̀ǹpútà, Olóògbé ti padà síwájú orúkọ náà. Kò sì lọ mọ́.

Ó yọ ìró lẹ́nu.

“Mo gbọ́ o, Bàbá Délé,” ó wí. “Mo gbọ́.”