Tíṣà Aago Mẹ́rin

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kí ìdánwò àṣekágbá bẹ̀rẹ̀, tíṣà kẹ́mísìrì bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé obìnrin aránṣọ kan lójoojúmọ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní nítorí ọmọbìnrin aránṣọ náà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní Kékeré. Ọ̀fẹ́ ni.

Inú aránṣọ dùn, ojú sì tì í. Nínú kíláàsì ẹlẹ́ni mọ́kàndínlógún, ọmọ tirẹ̀ nìkan ni tíṣà ń wá bá nílé.

“Orí ẹ á mà le sí ìwé o,” ló sọ fún Kékeré.

Kékeré ń ka ìwé kẹ́mísìrì ńlá kan tí bàbá rẹ̀, tó jẹ́ apoògùn, fi sílẹ̀ kó tó kú. Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ti ń gbé ìwé náà sùn bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lòun náà fẹ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá ilé-ìwé ti kéde pé bí kíláàsì náà bá tún fìdí rẹmi bíi ti èṣí, àwọn ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní kẹ́mísìrì mọ́.

Ọdún yẹn ni wọ́n gbé kẹ́mísìrì fún tíṣà yìí, nígbà tí èyí tó wà níbẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó wọ jígí, ó sì máa ń wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Kékeré á jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Aránṣọ á wà níwájú, nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, á máa tẹ́tí.

“Kí ló dé tó fi jẹ́ háídírójìn méjì sí ọ́síjìn kan nínú omi?” Ohùn tíṣà nìyẹn.

Kékeré á ṣàlàyé.

“Ó dáa. Tún un sọ, bí ẹni ń sọ fún ẹni tí ò mọ nǹkan kan.”

Kékeré á tún un sọ.

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, sà.”

Aránṣọ gbà pé ọkùnrin náà ní sùúrù. Kì í da ẹ̀kọ́ sí ọmọ létí bí ẹni da omi. Ó ń jẹ́ kó ti ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ jáde. Nígbà míì tí ariwo ẹ̀rọ bá bo ohùn mọ́lẹ̀, kìkì ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan ló ń já sí i létí: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wí, kò tíì yé mi.” Aránṣọ á mi orí, á káàánú ọmọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ tí Kékeré pòṣé. Ó fa kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ìwọ ọmọ yìí! Tíṣà ẹ lò ń pòṣé sí?”

Tíṣà ti dìde kíá. “Ẹ má bínú, mà. Ẹ̀bi mi ni.”

Aránṣọ ròyìn rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi gbọ̀n dà nù lára rẹ̀.

“Kẹ́mísìrì wo ni wọ́n ń kọ́ lójoojúmọ́? Ìwọ lọkùnrin yẹn ń wá, ọ̀rẹ́ mi. Ó ń gba ẹ̀yìn ọmọ wá bá ìyá.”

“Yé é, jọ̀ọ́.”

Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, aránṣọ kun ètè. Ó yí ẹ̀rọ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá tíṣà tàkúrọ̀sọ kó tó wọlé. Bó bá mẹ́nu ba kẹ́mísìrì, ọkùnrin náà á wolẹ̀. Bó bá mẹ́nu ba òjò, tíṣà á ṣàlàyé bí ìkùukùu ṣe ń gun òkè, àti ibi tí odò ti ń ṣàn wá, ọ̀rọ̀ á máa tú lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀. Aránṣọ ní ìtìjú ìfẹ́ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, Kékeré àti tíṣà kó bọ́tìnnì aránṣọ sórí tábìlì.

“Ṣẹ́ẹ̀tì kan gba bọ́tìnnì mẹ́fà àti kọ́là kan,” ni Kékeré ń wí. “Bí a bá ní ọgbọ̀n bọ́tìnnì àti kọ́là mẹ́rin, ṣẹ́ẹ̀tì mélòó la máa rí rán?”

Bọ́tìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ró lórí tábìlì, bí ẹni ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Mẹ́rin!” ni aránṣọ pariwo láti iwájú. “Bọ́tìnnì mẹ́fà á ṣẹ́kù. Ìyẹn náà le?”

“Ẹ rí i?” ni Kékeré wí. “Kọ́là ló kọ́kọ́ tán, òun ló sọ iye ṣẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́míkà. Èyí tó bá kọ́kọ́ tán ló ń dá iṣẹ́ dúró.”

Tíṣà ń kọ ọ́ sílẹ̀ wàrà-wàrà.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ oníbúrẹ́dì, tóun náà wà ní kíláàsì yẹn, ti ilé-ìwé dé, ó ní tíṣà fi bọ́tìnnì kọ́ àwọn, ó sì yé àwọn yéké. Aránṣọ wú bí búrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni ọkùnrin náà gbé lọ síwájú gbogbo kíláàsì.

Èsì ìdánwò jáde. Gbogbo àwọn mọ́kàndínlógún yege, Kékeré ló ṣe ipò kìíní. Ọ̀gá ilé-ìwé pe tíṣà síwájú àwọn òbí, ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́rin géérégé, tíṣà tún dé. Ó ti gẹrun, ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ló wọ̀, ẹ̀bùn tí wọ́n dì dáadáa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbúrẹ́dì ti na ọrùn láti ojú fèrèsé. Aránṣọ ti múra ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀: á kọ́kọ́ kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n má baà rò pé ojú ń kán an, lẹ́yìn náà á gbà. Tíṣà kí i, ó húkọ́ díẹ̀, orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Aránṣọ di ojú.

Ọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú Kékeré, ó gbé ẹ̀bùn náà lé e lọ́wọ́, ó ní: “Tíṣà mi, ẹ ṣé gan-an ni, ohun tí ẹ bá kọ́ mi nírọ̀lẹ́ náà ni mò ń lọ kọ́ wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó fura, àmọ́ ọ̀gá ti ní kí n máa fi fíṣíìsì kún un lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ dákun, ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?”