Bọ́tìnnì Tuntun

"Màmá, bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tan kọ̀ǹpútà yín ti kú fin-ín fin-ín," ni atúnkọ̀ǹpútàṣe sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe fi hàn wọ́n pé ẹni gidi lọmọ wọn fẹ́.

Ó tú bọ́tìnnì náà, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun tó rà wá. Ẹnu ń fọ́nnu, ọwọ́ ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó parí, ó tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà tàn yànràn.

"Ẹ rí i! Ògbólógbòó yẹn ò lè tàn án báyìí láé."

"O káre, ọkọ ọmọ mi." Màmá mú ọ̀rá kékeré kan lórí tábìlì. Bọ́tìnnì tuntun ṣì wà nínú rẹ̀. "Èyí wá ńkọ́?"

Atúnkọ̀ǹpútàṣe tún bọ́tìnnì ara kọ̀ǹpútà wò. Ògbólógbòó ló tún dè padà! Wáyà tó tú lásán, tó so padà láìmọ̀, ni gbogbo àìsàn rẹ̀. Ẹnu tó ń fọ́nnu ni ò jẹ́ kójú ríran.

"Ìyẹn... ẹ fi pamọ́, Màmá. Ti ọjọ́ iwájú ni."

"Ó dáa." Màmá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Jẹ́ kí n pa á, kí n tún un tàn wò."

"Ẹ dákun, Màmá! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ délé ná."